Bí A Ṣe Gbé Bàbá Rẹ Wálé Láti Àbíjàn

Ìjàyè,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀.

Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo sì yọ̀,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Awakọ̀ tó gbé e wá láti Moníyà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ẹ jó, ọmọ yín ti ríṣẹ́!" Mo jó. Mo kúnlẹ̀ síwájú ilé, mo dúpẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ka ìlà kejì, tí mo rí i pé Àbíjàn ni iṣẹ́ náà wà. Rónkẹ́, lórí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti tún un kà.

N kò ní kí o má lọ o. Ìwọ lo lọ kọ́ èdè Faransé, ta ni ì bá gbà ọ́ síṣẹ́ bí kò ṣe àwọn tó ń sọ ọ́? Àmọ́ láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọ̀rọ̀ náà ni mò ń rò. Àní mo kọ ìṣirò kan sójú pátákó ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi pa mọ́ fún ọ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Bí o bá gba ọ̀nà Àbíjàn lọ láì gbọ́ ọ, ọkàn mi kò ní balẹ̀.

O mọ̀ pé ibẹ̀ ni bàbá rẹ kú sí. O mọ̀ pé èmi àti Bùrọ̀dá Akin, àbúrò rẹ̀, la lọ gbé e wálé. O ṣì lè rántí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta la dá fún ìsìnkú, àwọn èèyàn pé, wọ́n retí wa títí, a kò dé àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo sọ fún ọ pé mọ́tò ló bàjẹ́ lọ́nà. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi. Mọ́tò kankan kò bàjẹ́. Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo ń wò nínú ìwé yìí, kí ìwọ tí ò ń lọ síwájú lè mọ ibi tí òkúta wà.

Àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rin ni bàbá rẹ fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Àbíjàn. Nínú ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò bi í rí pé àdúgbò wo ló ń sùn, pé ta ni onílé rẹ̀, pé orúkọ wo ló wà lára káàdì tí ìjọba ibẹ̀ fún un. Bí mo bá kọ̀wé sí i, ọwọ́ Bàbá Múfú ni mo ń fi ránṣẹ́ sí. Bàbá Múfú yìí, àgbàlagbà oníṣòwò ni, ọmọ Ọ̀yọ́, wọ́n ti pẹ́ ní Àbíjàn débi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ wọn sí. Mo rò pé bí mo bá ń béèrè jù, àwọn èèyàn yóò ní mo ń ṣọ́ ọkọ mi. Ọgbọ́n òmùgọ̀ ni mo gbọ́n.

Nígbà tí ìròyìn máa dé, obìnrin aláṣọ kan tó ń ná ọjà Àbíjàn ló mú un wá. Ó wọlé, kò jókòó dáadáa, kò sì wò mí lójú. Ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, ara bàbá wọn kò yá díẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan wá wò ó." Díẹ̀! Inú mi ti sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo rọ̀ mọ́ "díẹ̀" yẹn bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń rọ̀ mọ́ koríko. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wá àgbo ibà kiri, tí mo ń gbààwẹ̀, tí mo ń bu omi àdúrà sínú kèǹgbè fún ẹni tó ti wà nínú yìnyín.

Nítorí náà, kí o tó kúrò ní Èkó, kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ti ọ̀gá rẹ, ti onílé rẹ àti ti ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá nítòsí rẹ sínú ìwé méjì. Fún mi ní ọ̀kan, fún Bùrọ̀dá Akin ní ọ̀kan. Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ẹ jọ wà níbẹ̀, tí wọ́n ní kí o fi tó àwọn ará ilé létí, má ṣe ránṣẹ́ "díẹ̀" sí wọn. Wá àgbàlagbà tó lè jókòó tì wọ́n, kí ó sì sọ òótọ́.

Èkejì. A dé ọ̀dọ̀ Bàbá Múfú. Wọ́n ṣí fìlà wọn. Wọ́n ní, "Ẹ jókòó." N kò jókòó. Wọ́n ní, "Ìyàwó, Ọlọ́run ló fún wa, Òun náà ló gbà á. Ibà ló ṣe é, ọjọ́ márùn-ún péré. Wàláhì, a ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀."

Nígbà tí a sunkún dé ibi tí a lè sọ̀rọ̀, wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a sin ín síbẹ̀. Wọ́n ní ibodè mẹ́rin ló wà láàárín Àbíjàn àti ilé, pé ti Ọlọ́run ni gbogbo ilẹ̀. Bùrọ̀dá Akin ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà. Ìyá wa ń retí rẹ̀. Bí mo bá dé Ìjàyè lọ́wọ́ òfo, kí ni n ó wí?"

Bàbá Múfú kò bá a jiyàn. Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ pé òun fẹ́?"

N kò mọ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi gbé nílé ọkọ, n kò mọ̀. Èèwọ̀ la máa ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Bí ẹnì kan bá dárúkọ ikú, a ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Rónkẹ́, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ìwọ ni yóò sin mí, n kò ní sin ọ́. Síbẹ̀, nígbà tí o bá ní ọkọ, ẹ jókòó lọ́jọ́ kan tí inú yín dùn, kí ẹ sọ ọ́ fún ara yín, kí ẹ ṣe àmín sí i, kí ẹ wá oúnjẹ jẹ. Tèmi rèé: Ìjàyè, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ. Mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwé. Mo rò pé èèyàn kàn máa ń wọ ilé ìwòsàn, kí ó ní, "Ọkọ mi dà?" kí wọ́n gbé e fún un. Ìwé dókítà wà lọ́tọ̀. Ìwé ọlọ́pàá wà lọ́tọ̀. A gbọ́dọ̀ gba ìwé pé wọ́n ti fi oògùn sí òkú náà lára, àti òmíràn pé wọ́n ti fi páànù bo inú àpótí, tí wọ́n sì jó o pa dé. Lẹ́yìn náà ni ti ọ́fíìsì aṣojú ìjọba wa, kí àwọn ará Gáná, Tógò àti Kútọnu tó lè jẹ́ kó kọjá. Ọ́fíìsì kan ní kí a padà lọ́la, ọ̀kan ní akọ̀wé kò wọlé, ọ̀kan ní orúkọ ìdílé ni wọ́n kọ síbi orúkọ àbísọ. Ní ọjọ́ kẹta, awakọ̀ kan yọ́ wá bá mi, ó ní kí n fi gbogbo ìwé sílẹ̀, òun yóò gbé òkú náà sáàárín ìdì aṣọ, kò sẹ́ni tó máa béèrè. Kíá ni mo gbà. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Múfú pé a ti rí ọ̀nà.

Wọ́n wò mí títí. "Tíṣà," wọ́n ní, "ṣé ẹrù ni ọkọ rẹ?"

Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé nílẹ̀ onílẹ̀, ọmọ mi, dúró kí o gbà á pé. Má gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ṣùgbọ́n ìkánjú kò tíì kúrò lára mi. Kí ìwé tó pé ni mo ti ránṣẹ́ sílé pé ọjọ́ Àbámẹ́ta la ó sìnkú, kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, kí wọ́n sọ fún ìjọ. Èmi ni mo dá ọjọ́ fún ara mi, ọjọ́ yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi kiri.

N kò lè ka nọ́ńbà mọ́ láti ibi yìí lọ. Jẹ́ kí n kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n pè wá sí mọ́ṣúárì ilé ìwòsàn náà láti wá wò ó kí wọ́n tó dé àpótí. Bùrọ̀dá Akin ní, "Ìyàwó wa, dúró níta, jẹ́ kí èmi wọlé." Mo ní rárá, èmi ni ìyàwó rẹ̀, èmi ni n ó wò ó. Ìgbéraga ni, Rónkẹ́. N kò fẹ́ kí wọ́n dé ilé kí wọ́n máa sọ pé ojora mú mi. Mo wọlé. Òórùn oògùn yẹn, ìró omi tó ń kán, òtútù ibẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fa ibùsùn irin kan jáde, ó mú etí aṣọ funfun tó wà lórí rẹ̀, ó ká a sókè. Mo di ojú mi pa. Mo yíjú sí ògiri, mo sì ní, "Òun ni." Ó fún mi ní bírò, mo fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo sọ ọ́ láì wò ó.

A gbé àpótí sínú mọ́tò. Bàbá Múfú bá wa lọ nítorí èdè. Ní ọ̀sán, a dé ibodè Gáná. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan níhà Àbíjàn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ka ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ó tún wo ìwé. Ó ní nọ́ńbà ara àpótí kò bá ti inú ìwé mu.

Bùrọ̀dá Akin ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí Bàbá Múfú sọ fún un pé wọ́n ti gbẹ́lẹ̀ sílé, pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú, pé ìyá arúgbó kan ń retí. Ọkùnrin náà kò bínú, kò sì pariwo. Ó sọ̀rọ̀ kan péré. Bàbá Múfú túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ní, 'Madaamu, ṣé ẹ rí ojú rẹ̀?'"

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Bùrọ̀dá Akin yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé o wò ó?" Mo mi orí pé rárá. N kò lè gbàgbé ojú tó fi wò mí. Kò bú mi. Ó kàn lọ jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí.

A yí mọ́tò padà. Gbogbo ọ̀nà yẹn, ẹ̀yìn mi kọ sí àpótí, mo ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òun, mo sì ń bẹ̀rù láti gbàdúrà. Bí kì í bá ṣe òun, ta ni a gbé? Òun fúnra rẹ̀ wá ńkọ́? Bóyá wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn. Bóyá wọ́n ti sin ín sí ìlú tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ronú kan Ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ. Mo ronú kàn ọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ṣí àpótí náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo la ojú mi. Baba arúgbó kan ló wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun nini.

Ará Bùkínà ni baba náà. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé òun àti bàbá rẹ wọlé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ṣi ibùsùn irin fà jáde, nọ́ńbà ibùsùn yẹn ni wọ́n sì kọ sára àpótí. Àwọn èèyàn rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, lórí ẹní. Ìròyìn pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní Bùkínà; láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n; o mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀, èmi ni mo sì gbé tiwọn sá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti gbé bàbá rẹ wá fún wọn. Opó baba náà, ìyá kúkúrú kan tó ń tiro bó ṣe ń rìn, ló ní kí wọ́n ká aṣọ ojú rẹ̀ kúrò. Ó wò ó dáadáa, ó ní, "Èyí kì í ṣe ọkọ mi." Báyìí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá yẹn. Àní mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo ń ké, "Mà, ẹ dárí jì mí." Kò gbọ́ èdè mi. Bàbá Múfú fi èdè Jùlá, èdè àwọn oníṣòwò ibẹ̀, bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Mo rò pé yóò bú mi, tàbí kí ó tutọ́ sí mi lára. Ó na ọwọ́, ó fà mí dìde, ó sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró mi. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbá Múfú ń túmọ̀, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Ó ní ọkọ rẹ kò dá wà. Ó ní nígbà tí òun rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin ni, òun ronú pé ọmọ ẹnì kan ni, ọkọ ẹnì kan ni, àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Láti àná, bí òun bá ti ka tẹ̀sùbáà kan fún ọkọ òun, òun ń ka ọ̀kan fún un."

Ọmọ mi, mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ láyé mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọlé lọ wo bàbá rẹ. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi wọlé. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù díẹ̀. Àtàǹpàkò òsì rẹ̀ tí ẹ̀rọ ti gé lórí rèé, níbi tí o máa ń fi ọwọ́ pa nígbà tí o wà ní kékeré. Mo gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀. Ó tutù. Ẹ̀rù kò bà mí rárá. Ohun tó ti ń bà mí lẹ́rù, inú orí mi ló wà, kò sí lára ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ má bínú. Mo pẹ́."

Ọ́fíìsì kì í ṣí lópin ọ̀sẹ̀, nítorí náà ọjọ́ Ajé ni wọ́n tún ìwé ṣe. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn ló tún wà lẹ́nu ibodè. Ó wo nọ́ńbà, ó wo ìwé, ó wo ojú mi, kò sì bi mí ní nǹkan kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. A gba Gáná, a gba Tógò, a gba Kútọnu, a dé ilé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òjò ti kún inú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n ọn ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti padà sí oko wọn. A sin ín pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn tó kù, ìwọ náà wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni Ìyá àgbà. O mọ̀ pé òbí kì í rí sàréè ọmọ. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi wọ́n sí, wọ́n pa fèrèsé dé. Nígbà tí a sìnkú tán, Ìyá àgbà ránṣẹ́ pè mí. Wọn kò sunkún. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Dọ́káàsì, ṣé o rí ojú ọmọ mi?"

"Mo rí i, mà."

"Ṣé ó fa ojú ro?"

"Rárá, mà. Ó dà bí ẹni tí oorun gbé lọ lẹ́yìn iṣẹ́."

"Irùngbọ̀n rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti hù díẹ̀, mà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, ẹkún sì tẹ̀lé e. "Ọ̀lẹ ni," wọ́n ní. "Àfi kí n bá a jà kó tó fá a." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá fún àwọn, ẹni tí kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti ọjọ́ tí ìròyìn ti dé.

Wò ó, Rónkẹ́, ojú mi ni wọ́n fi rí ọmọ wọn ìkẹyìn. Ká ní a kọjá ibodè yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, baba arúgbó Bùkínà ni à bá sin sí Ìjàyè, ǹ bá sì jókòó síwájú Ìyá àgbà, ǹ bá máa parọ́ fún wọn títí wọ́n fi kú. Nígbà mìíràn, bí mo bá wà níwájú kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí á já lù mí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ níbẹ̀ pé kí o fọwọ́ sí, wò ó kí o tó sọ pé òun ni: ìwé ni o, èèyàn ni o, ilé ni o, ọkùnrin tó ní òun fẹ́ fẹ́ ọ pàápàá. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, kí ẹni tí ẹ̀rù kò bà bá ọ wò ó. Bí ẹnì kan tí kò ní ará bá sì kú nítòsí rẹ, má ní kò kàn ọ́. Lọ jókòó tì í díẹ̀. Ìyá kan tí n kò tún rí mọ́ ṣe é fún wa.

Mo mọ ohun tí wàá sọ: "Màámi, iṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe, ẹ wá ń bá mi sọ̀rọ̀ òkú." Òótọ́ ni. Kí Olúwa fi ìmọ́lẹ̀ síwájú rẹ, kí ó fi èèyàn rere sí ọ̀tún àti òsì rẹ, kí o lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ, kí o sì fi ẹsẹ̀ rẹ bọ̀. Mo ti gbàdúrà yìí láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọkàn mi kò sì tíì balẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, mo ti gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé wa, mo sì ti sọ fún wòlíì pé kí wọ́n má wá mi ní ìsìn tó ń bọ̀. Ọjọ́rú ni n ó dé Èkó. Sọ fún awakọ̀ rẹ pé èèyàn méjì ló ń lọ. N ó bá ọ dé Àbíjàn, n ó wo yàrá tí o máa sùn, n ó kí onílé rẹ, n ó mọ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn náà n ó padà.

Má kọ̀wé pé kí n má wá. Kí lẹ́tà rẹ tó dé Moníyà, n ó ti wà lójú ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Dọ́káàsì.